Ẹ̀kọ́ ìtàn Tíṣà wa ní Kàbà lórí WhatsApp: ti àwọn àbúrò nílé olóyè Jámánì

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni Tíṣà ń gbà lórí odindi ẹ̀kọ́ kan. Ẹ lè ní kí wọ́n máa fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ sì lè ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí mẹ́mọ́rì káàdì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ lọ gbà á ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì kan nítòsí ọjà Kàbà. Ohùn lásán ni, kò sí fídíò níbẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ ọ́, èdè Òwé ti Kàbà a sì máa yọ nínú rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ wọ́n lára. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọn ò sì fẹ́ kí n kọ orúkọ wọn síbí, ṣùgbọ́n ará Kàbà, Ìyàrá tàbí Mọpà tó bá béèrè ẹ̀kọ́ ìtàn tí wọ́n ń fi ohùn ṣe yóò rí ẹni tí yóò fún un ní nọ́ńbà.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ọwọ́ mi dí, ojú mi dí, etí mi nìkan ló ráyè. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ Tíṣà fi bá mi lára mu. Mo ti gbọ́ èyí tí wọ́n ṣe lórí ogun àwọn Núpé ní ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ Yorùbá tí Kàbà wà, ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọkùnrin tí kì í ṣe àkọ́bí nílé àwọn olóyè Jámánì, láti nǹkan bí ọdún 900 sí 1500, òun ló mú mi jókòó kọ̀wé yìí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kan kò tíì kàn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ tí mo bí. Bàbá wọn fi oko kọfí àti ilé sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò mú oko àti ẹni tí yóò gba yàrá iwájú kò sì tíì tán nínú ẹbí. Àwa Yorùbá ní ìdí-igi, a ní orí-ò-jorí, a sì ní àwọn àgbà tó ń bá wa dá sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sọ pé àwọn òyìnbó ti yanjú tiwọn láti ayé àtijọ́: àkọ́bí ló ń kó gbogbo ogún, àwọn yòókù á lọ wá tiwọn síbòmíràn. Orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ látorí ọba tàbí ogun. Wọ́n ní: “Bàbá ti kú. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Ilé olódi kan ṣoṣo ló wà lórí àpáta. Ta ni yóò máa sùn níbẹ̀?” Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń dáhùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti apá kan sí èkejì.

Ìdáhùn náà ni pé ní ilẹ̀ Jámánì, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, gbogbo ọmọkùnrin ló ní ẹ̀tọ́ sí ogún bàbá. Olú-ọba Frederick Barbarossa ṣe òfin ní 1158, ní Roncaglia ní Ítálì, pé kí wọ́n má ṣe máa gé ilẹ̀ àwọn olóyè ńláńlá wẹ́wẹ́. Òfin náà wà nílẹ̀, wọ́n ṣì ń gé e. Ní 1255, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì nínú ìdílé Wittelsbach pín Bavaria, ilẹ̀ wọn ní gúúsù Jámánì. Ludwig tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mú apá òkè pẹ̀lú ilẹ̀ tí wọ́n ní lẹ́bàá odò Rhine, Heinrich àbúrò mú apá ìsàlẹ̀. Nígbà tó di 1392, àwọn ìran wọn tún pín in sí mẹ́ta. Olú-ọba Karl Kẹrin ti fi ìwé olóǹtẹ̀ wúrà pàṣẹ ṣáájú ìyẹn, ní 1356, pé àwọn olóyè mẹ́rin tí kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n wà lára àwọn méje tó ń yan ọba, kò gbọdọ̀ pín ilẹ̀ wọn. Àkọ́bí ni yóò jẹ ẹ́. Àwọn mẹ́rin péré nìyẹn. Bavaria ò gbà pé kí ọmọ kan ṣoṣo máa jẹ gbogbo rẹ̀ títí di 1506.

Tíṣà mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ ọdún àti òfin yìí wọni létí. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti mẹ́nu ba ìpín kan, wọ́n á béèrè pé: àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Bí àbúrò mẹ́ta bá fẹ́yàwó, tí kálukú bí mẹ́ta, kí ni yóò kù nínú ilẹ̀ náà? Ibẹ̀ ni mo ti rí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ìdílé olóyè Jámánì ò kàn ń pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ, ìgbéyàwó gan-an ni wọ́n ń pín. Wọ́n á fi ẹnu kò pé ẹ̀gbọ́n yóò fẹ́yàwó, bóyá ẹnìkan sí i tí àrùn bá ń jà, àwọn yòókù ò ní fẹ́. Ẹni tí kò fẹ́yàwó kò ní ọmọ tí yóò wá béèrè ìpín lọ́la. N kò rò ó báyẹn rí, mo sì dá máṣíìnì dúró kí n lè gbọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ilé olódi Eltz, lẹ́bàá odò Mosel, ló dùn mọ́ mi jù nínú apá àkọ́kọ́. Ní 1268, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta, Elias, Wilhelm àti Theoderich, pín ogún níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò lé èkejì jáde. Ẹ̀ka mẹ́ta dúró sínú odi kan náà, àwọn ìran wọn sì ń kọ́ ilé gogoro tiwọn yí àgbàlá kékeré kan ká, kálukú ní ilẹ̀kùn rẹ̀. Agbo-ilé ni lójú tèmi, bíi ti ilé wa gan-an, àfi pé òkúta ni wọ́n fi kọ́ tiwọn. Tíṣà ṣàlàyé pé àwọn tí wọ́n jọ ni irú ilé olódi bẹ́ẹ̀ a máa kọ àdéhùn sílẹ̀: ìjà kò gbọdọ̀ wọ inú odi, gbogbo wọn ni yóò jọ sanwó ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè, gbogbo wọn ni yóò jọ tún odi ṣe. Ìdílé Eltz ló ṣì ni ilé náà títí di òní. Mo fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi méjì tó wà ní Àbújá, láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Ti bí wọ́n ṣe ń tọ́ àwọn ọmọ, Tíṣà sáré kọjá níbẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin á wà lọ́dọ̀ ìyá títí yóò fi pé nǹkan bí ọdún méje. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú un lọ sílé olóyè mìíràn, á máa gbé oúnjẹ síwájú àwọn àgbà, á máa tọ́jú ẹṣin. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá, á di ẹni tó ń tẹ̀ lé jagunjagun ẹlẹ́ṣin kiri, tó ń ru apata rẹ̀. Bó bá tó ọmọ ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, wọ́n á di idà mọ́ ọn nídìí. Àmọ́ ẹni tí ìdílé bá ti yàn fún ṣọ́ọ̀ṣì kì í gba ọ̀nà yìí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi í sí ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà kí ó lè kọ́ Látìn.

Bruno ni wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ. Ọdún 925 ni wọ́n bí i, òun ló kéré jù nínú àwọn ọmọkùnrin ọba Heinrich Kìíní. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ní Utrecht. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Otto jọba. Ní 953, Otto fi Bruno ṣe bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Köln, ó sì tún fi ilẹ̀ Lotharingia sí i lọ́wọ́ kí ó máa ṣàkóso rẹ̀. Títí Bruno fi kú ní 965, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà. Àbúrò tí kò ní ìyàwó, tí kò sì ní ọmọ, kò lè dá ìdílé tirẹ̀ sílẹ̀ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ du oyè. Ìdí nìyẹn tí ọba fi lè fọkàn tán an.

Àwọn tí wọn ò tó ọmọ ọba ń wá ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ àlùfáà kàtídírà. Ìjókòó náà ní owó oúnjẹ tirẹ̀ lọ́dọọdún, láti ara ilẹ̀ àti ìdámẹ́wàá. Ní àwọn kàtídírà bíi Köln àti Strasbourg, àfi ẹni tó bá lè fi hàn pé olóyè ni àwọn bàbá ńlá òun lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba oyè àlùfáà tán. Wọ́n á dúró sí ìpele ìsàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún wọn láti padà sílé bí ẹ̀gbọ́n bá kú láìbímọ.

Níbí ni èmi àti Tíṣà ò ti fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n ní ìdílé ń fi àbúrò sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni ń kó ẹrù tó pọ̀ jù jáde nínú yàrá. Mo kọ ọ́ fún wọn nínú gúrúùpù WhatsApp àwa tí à ń gbọ́ ẹ̀kọ́ náà pé ìtàn tí àwọn fúnra wọn sọ lẹ́yìn rẹ̀ kò jọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn Philip ni mò ń wí. Philip ló kéré jù nínú àwọn ọmọkùnrin Barbarossa. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi í sí, wọ́n tilẹ̀ ti yàn án ní bíṣọ́ọ̀bù Würzburg nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ní 1190, odò gbé bàbá rẹ̀ lọ lójú ọ̀nà ogun Jerúsálẹ́mù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Friedrich kú sí Acre lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lójú ogun yẹn kan náà. Philip bọ́ aṣọ àlùfáà. Ní 1196, ẹ̀gbọ́n mìíràn, Konrad, kú, Philip gba Swabia, ilẹ̀ ìdílé wọn. Ní 1197, ó fẹ́ Irene, ọmọ olú-ọba Constantinople. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Heinrich tó jẹ́ olú-ọba kú ní Messina, ọmọ kékeré ló fi sílẹ̀. Nígbà tó di 1198, Philip tí wọ́n ti fẹ́ fi ṣe bíṣọ́ọ̀bù ti di ọba Jámánì. Ọwọ́ Otto ará Wittelsbach ló kú sí ní Bamberg ní 1208, níbi tí wọ́n ti pa á.

Ẹni tí ìdílé ti ta nù kọ́ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n fi pamọ́ síbi tí yóò ti máa jẹun, tí yóò ti kàwé, tí wọ́n sì lè pè padà lọ́jọ́ tí ilé bá fẹ́ dahoro ni. Ó le fún ọmọ náà, n kò sọ pé kò le. Ta ni ó bi í bóyá ó fẹ́? Ṣùgbọ́n ètò ni, ó sì jinlẹ̀. Tíṣà dá mi lóhùn pẹ̀lú sùúrù, wọ́n ní Philip kan ṣoṣo ni, pé ọgọ́rọ̀ àwọn mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni ò pè padà. Mo gba ìyẹn. N kò sì kúrò lórí tèmi. Mo fẹ́ràn pé èèyàn lè bá wọn jiyàn báyìí, kí wọ́n má sì bínú. Àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn tí mo ti sanwó fún rí, bí o bá béèrè ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tí yóò dá ọ lóhùn.

Apá ti àwọn ajagun-fún-ìjọ náà dára, pàápàá ìtàn Konrad ará Thuringia, àbígbẹ̀yìn olóyè Hermann. Ní 1232, ó bá bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz jà, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì dáná sun ìlú Fritzlar. Lẹ́yìn náà ó ronú pìwà dà, ní 1234 ó wọ ẹgbẹ́ ajagun àwọn ará Jámánì tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní Acre. Ní 1239, òun ni olórí ẹgbẹ́ náà, ó sì kú ní Róòmù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, kò sí ìyàwó, kò sí ohun ìní ti ara ẹni, àmọ́ ẹṣin wà, idà wà, oúnjẹ sì wà. Tíṣà wá na ìtàn náà dé ogun 15 Oṣù Keje 1410 ní Grunwald, níbi tí àwọn Poland àti Lithuania ti ṣẹ́gun wọn, tí olórí wọn Ulrich von Jungingen sì kú. Ẹ̀gbọ́n Ulrich, Konrad, ló ti kọ́kọ́ wà lórí àga yẹn. Mo rò pé wọ́n pẹ́ jù lórí ogun náà. Àwọn ọkùnrin inú gúrúùpù fẹ́ràn rẹ̀, èmi fẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ.

Ó ṣe mí láǹfààní pé apá tó kẹ́yìn padà sọ́dọ̀ ọmọ kan ṣoṣo, Oswald von Wolkenstein, ará Tirol, níbi òkè tí àwọn elédè Jámánì ń gbé, tí apá kan rẹ̀ wà ní Austria, apá kan ní Ítálì lónìí. Nǹkan bí ọdún 1377 ni wọ́n bí i, kì í sì í ṣe àkọ́bí. Akọrin ni, orin tó kọ nípa ayé ara rẹ̀ sì wà títí di òní. Ó sọ nínú rẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lòun nígbà tóun jáde nílé, pẹ̀lú owó ẹyọ mẹ́ta nínú àpò àti búrẹ́dì kékeré kan. Ó rìn kiri, ó ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ó tọ́jú ẹṣin, ó wa ọkọ̀ ojú omi, ó kọ́ èdè oríṣiríṣi lọ́nà. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti dì. Ìwé orin rẹ̀ kan tí wọ́n kọ ní 1432 ní àwòrán rẹ̀ nínú, ojú náà sì wà ní dídì bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kò ní kí ayàwòrán tún un ṣe.

Lẹ́yìn ikú bàbá, ó di 1407 kí òun, Michael ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Leonhard àbúrò rẹ̀ tó pín ogún. Ohun tó kan Oswald nínú ilé olódi Hauenstein kò pé ilé: ìdá kan nínú mẹ́ta ni, ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Martin Jäger ló ni ìyókù. Ẹ gbọ́ bí Tíṣà ṣe sọ ibẹ̀. Oswald kó sínú ilé náà pátápátá, ó ń jẹ èrè gbogbo rẹ̀, kò fún Jäger ní nǹkan kan. Ní 1421, Jäger àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dọdẹ mú un, wọ́n sì dá a lóró nínú ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó ti bá Sigismund ọba Jámánì ṣiṣẹ́ ní ìlú Konstanz, tí ọba ti rán níṣẹ́ lọ sílẹ̀ òkèèrè, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ nítorí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kan lórí òkè. Ó di 1427 kí ọ̀rọ̀ tó níyanjú: ó sanwó fún Jäger, Hauenstein sì di tirẹ̀. Ó kú ní Meran ní 1445.

Mo mọ àwọn èèyàn tó ti ṣe báyìí nítorí ilẹ̀ tí kò tó kọ ilé méjì sí. N kò sọ pé Oswald ṣe dáadáa. Olè ni ohun tó ṣe sí Jäger. Ṣùgbọ́n ẹni tó jáde nílé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ó wá di àgbàlagbà láìní òrùlé tirẹ̀, mo mọ ìdí tí kò fi fẹ́ jáde nínú ilé yẹn mọ́. Tíṣà ò dá a láre, wọn ò sì dá a lẹ́bi. Wọ́n sọ ohun tí ó ní, ohun tí ó gbà, ohun tí wọ́n ṣe fún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìtàn nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n gba owó lórí rẹ̀.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn wà níbẹ̀. Èyí tó ga jù ni ti àwọn ọmọbìnrin. Bí a ṣe ń gbọ́ apá ti ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ mi kan gbórí sókè, ó ní: “Mà, àwọn obìnrin inú ilé yẹn ńkọ́?” Mo gbé ìbéèrè rẹ̀ dé gúrúùpù. Ohùn kékeré kan ni Tíṣà fi dáhùn. Wọ́n ní ilé àwọn obìnrin ìjọ wà ní Quedlinburg, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 936, pé Mathilde, ọmọ Otto Kìíní (ọba tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Bruno), di olórí ibẹ̀ ní 966, pé ilẹ̀ àti àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Bí obìnrin bá lè jẹ olórí ilẹ̀ nígbà náà, ó yẹ kó ní odindi apá kan tirẹ̀, kó má jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè. Ọmọ iṣẹ́ mi ò tíì dákẹ́ lórí rẹ̀, èmi náà kò sì ní dákẹ́.

Ìkejì, ohùn apá kẹta kò mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibẹ̀ sì ni orúkọ àwọn èèyàn ti pọ̀ jù. Wọ́n máa ń pe orúkọ òyìnbó kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì kọ ọ́ ránṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, èyí dára púpọ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo Heinrich àti Konrad yìí ìbá ti dàpọ̀ mọ́ra wọn. Ìkẹta, fáìlì náà tóbi. Nígbà òjò, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kàbà bá ti ń ṣe ségesège, ó lè di ọ̀gànjọ́ kó tó wọlé tán.

Mo ti sanwó fún èyí tó ń bọ̀, mo sì ti kọ̀wé sí Tíṣà pé kí ó jẹ́ ti Quedlinburg. Kí àwọn tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ náà kọ̀wé sí wọn, kí ohùn wa pọ̀. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó, kí ó gba mẹ́mọ́rì káàdì. Ẹni tó bá sì ní ọmọkùnrin tó ju ẹyọ kan lọ nínú ilé, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ apá ti Eltz àti ti Oswald, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ náà jókòó tì í, kí ó tó lọ sórí òfin 1158 àti ti 1356, nítorí èèyàn ni yóò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ mọ òfin.